Àáró Lórí Tábìlì Prosper

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta, 2025

Mo ra ọ̀rá káàdì eré kan lọ́wọ́ Prosper. Káàdì méje nínú ẹ̀. Mẹ́fà kò wúlò fún nǹkan kan. Ìkeje — Àáró. Prosper rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kí mi pé pẹ̀lẹ́. Ó di mẹ́ta tí mo ní báyìí, torí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Dára tá a jọ ń ta á fi tiẹ̀ ṣe àmì sínú Bíbélì, ní Léfítíkù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé.

Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Prosper tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo, tó ń pe ara ẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó tẹ ìwé ìkéde òkú, kó sì bá ará ọjà gba iná sí fóònù. Ṣùgbọ́n òun ló ní tábìlì gígùn iwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ló forúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe eré náà n'Ìbàdàn, ló bá di adájọ́ lé wa lórí. Ayé ò le tó báyìí rí.

Àìkú, 9 oṣù kẹta

Mo tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn mi má baà sọ pé orí èmi Ṣubúọlá dàrú.

Eré náà ń jẹ́ Odi. Olúkúlùkù ní odi, ogún òkúta. Ogójì káàdì ni dẹ́ẹ̀kì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lóko, oko ń mú oúnjẹ wá, oúnjẹ la fi ń bọ́ jagunjagun, jagunjagun ló ń wó odi ẹlòmíràn. Bí odi rẹ bá wó, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ta á. Àwọn àgbàyà Èkó ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ yunifásítì.

Jagunjagun ló ń wu gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, jagunjagun rẹpẹtẹ, kí odi tètè wó. Àáró ní tiẹ̀ yàtọ̀. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rán òṣìṣẹ́ tìẹ lọ sóko alátakò rẹ. Òun ni yóò jẹ èrè iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà tó bá tún kàn ọ́ ni wọ́n tó máa wá san án. Ará Èkó wò ó, wọ́n ní òmùgọ̀ wo ló máa bọ́ ọ̀tá ẹ̀ yó kó tó bá a jà. Wọ́n jù ú nù.

Ṣùgbọ́n àwa níbí mọ àáró. Lónìí oko tìẹ, lọ́la oko tèmi. Bí o bá ń ṣàìsàn, o ó rán àbúrò rẹ. Bí o kò bá ní àbúrò, o ó rán àna rẹ. Bí o bá jẹ́ olóyè, tí kò sẹ́nì kankan nílé, wàá bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ sílẹ̀, wàá gbé ọkọ́. Bá a ṣe ń ta á lórí tábìlì wa náà nìyẹn: ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò bá tó láti san àáró, jagunjagun ni yóò fi dí i. Jagunjagun tó bá sì ń kọ ebè kò lè ṣọ́ odi.

Ìwé, ṣé ó ti yé ọ? Mo rán òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni alátakò ní méjì péré. Jagunjagun mẹ́ta bọ́ sóko mi, odi ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣe àmì Bíbélì.

Ajé, 10 oṣù kẹta

Prosper gba ìwé láti Ìbàdàn. Ààyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún tábìlì wa fún ìdíje ńlá tiwọn níbẹ̀. Mọ́ńdè Àjíǹde la máa du ú.

Ta ló sì máa wá du ú bí kò ṣe Ọ̀gá Èkó. Bándélé ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Wọ́n ti lù ú bolẹ̀ l'Ékòó, kò ráàyè gbà níbẹ̀, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọmọ Iloffa lòun. Ọmọ Iloffa tí kì í wálé ju ọdún tuntun àti ìsìnkú lọ.

Ọdún tuntun tó kọjá ló jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níṣojú gbogbo ẹbí. Ó ní, "Àǹtí Ṣúbú, bí ẹni tó ń gbin iṣu lẹ ṣe ń ṣe eré yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tó fi iṣu rán mi níwèé!

Mi ò wá Ìbàdàn. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ ni kí Bándélé jókòó ní ọ̀kánkán mi, kí ìlú wà níbẹ̀, kó sì gbé ààyè náà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Dára gun ọ̀kadà wá láti Ìdòfin. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni, kò sì sí ohun tó ń kán an lójú láyé yìí. Kó tó fi káàdì kan lélẹ̀, àgbàdo á ti hù. Ìka ló fi ń ka gbogbo nǹkan, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó sì jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ebi ló ń pa dẹ́ẹ̀kì mi. Kí n tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tí màá rán lọ, ó ti wó òkúta mẹ́wàá. Dára ní kí n yọ díẹ̀ kúrò nínú àwọn jagunjagun mi, kí n fi òṣìṣẹ́ wẹ́wẹ́ dí i. Mo ní kó máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo yọ wọ́n.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Mo yọ jagunjagun Ẹlẹ́ṣin méjèèjì nínú dẹ́ẹ̀kì. Arẹwà lásán ni wọ́n. Wọ́n jọ ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o!

Mo jẹ Dára lẹ́ẹ̀mẹta, mo jẹ Prosper lẹ́ẹ̀kan. Prosper kò bá mi jiyàn rárá. Ó wo tábìlì, kò ní òṣìṣẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ti jagunjagun mẹ́ta wá sí ọ̀dọ̀ mi. Bàbá Ògúnjìnmí wà níbẹ̀, ó gbé fóònù wá kí wọ́n bá a gba iná sí i. Àgbẹ̀ ni bàbá láti kékeré, kò mọ eré náà rárá. Ó bi wá pé kí là ń ṣe, a ní àáró ni. Ó mi orí, ó jókòó tì wá, àfi bíi pé òun ló ni oko.

Dára yọ̀ǹda Àáró tiẹ̀ fún mi kó tó lọ. Ó ti yọ ọ́ kúrò nínú Léfítíkù. Mo ní mẹ́rin báyìí, iye tí òfin gbà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Gbogbo ọ́fíìsì lọ sí oko kajú lónìí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo jókòó ti fáìlì. Mo to dẹ́ẹ̀kì mi lórí tábìlì ìjọba láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Eré méjìdínlógún la ti ta láti ìgbà tí Àáró mi ti pé mẹ́rin, mo jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọbìnrin kan wá láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin pẹ̀lú jagunjagun tó ń kọ mànà, ó fi ẹnu dá gbogbo wa mọ́lẹ̀ kó tó jókòó. Nígbà tí mo fi Àáró lélẹ̀, òun náà ló fúnra ẹ̀ kó jagunjagun wá. Kò bi mí pé kí ló dé. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó lọ sílé láìdágbére.

Ọ̀gá Èkó fi fọ́tò dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù. Ta ló bi í?

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Ìpàdé ọ́fíìsì. Wákàtí méjì lórí ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo yọ Àáró kan kúrò nínú ọ̀rá ẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kí n máa wo àwòrán. Ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú ọkọ́. Ẹni tó yà á kò di ọkọ́ mú rí. Bí ẹni tó ń ro ọkà ni wọ́n ṣe dì í mú.

Mo wá ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ gbáà.

"Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ yóò ṣiṣẹ́ ní oko alátakò rẹ. Nígbà tó bá tún kàn ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ alátakò rẹ tó bá wà lórí tábìlì yóò ṣiṣẹ́ ní oko rẹ."

Tó bá wà.

Mo tún un kà. Mo yọ ìkejì, mo kà á. Ohun kan náà. Kò sí arọ́pò níbẹ̀. Kò sí jagunjagun. Bí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kò bá sí lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. O ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi jù ú nù l'Ékòó nìyẹn. Wọ́n kà á.

Oṣù kan gbáko. Olùkọ́ kan, òǹtẹ̀wé kan, akọ̀wé ìjọba kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti káàdì, kò sẹ́ni tó ka ìlà méjì. Ta ló ń ka ohun tó ti mọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá ẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Mo tò ó láàárọ̀ yìí láìlo arọ́pò, kí n wò ó bóyá ó ṣì lè dúró. Kò dúró. Ọ̀nà kan wà nínú òfin tó pa á pátápátá: òṣìṣẹ́ lè mọ odi. Bó bá ti mọ odi, ó ti kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á jẹ àáró mi tán, á fi òṣìṣẹ́ ẹ̀ mọ odi, á wá la ọwọ́ sí mi pé òun ò ní ẹnì kankan. Dẹ́ẹ̀kì mi ti kú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Mi ò lè to òmíràn.

Ta ló sì sọ pé káàdì ló tọ̀nà? Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló gba àáró lọ́wọ́ wa, àwa kọ́ la gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìwé kò mọ àáró. Àwa la mọ̀ ọ́n.

Mo dá wọn padà sínú ọ̀rá.

Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Mi ò sọ.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Dára na ọwọ́ pé kí n jẹ́ kó rí Àáró kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo bi í pé ṣé kò mọ káàdì tó fúnra ẹ̀ fún mi ni. Ó ní àwòrán ọkọ́ yẹn lòun fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì òun. Mo ní kó ya ọkọ́ fún wọn.

Ó ní kí n má bínú. Òun ló ń bẹ̀ mí! Sùẹ̀gbẹ̀.

Ẹtì Rere, 18 oṣù kẹrin

Ọ̀gá Èkó dé. Ṣòkòtò péńpé, awò dúdú lórí — kì í ṣe lójú, lórí — àti àpótí irin kékeré tó kó káàdì sí, tó ń gbé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Búrẹ́dì mẹ́fà ló gbé wá fún ìyá mi. Ó ti rún.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àgbà. Wọ́n fi èdè ilé dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Kò gbọ́ ni. Ẹnì kan ní kó lọ mú uṣu wá lẹ́yìn ulé, ó dúró síbẹ̀ ó ń wo ẹnu wọn, kò mọ̀ pé iṣu ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń wí. Wọ́n fi ṣẹ̀sín. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Lálẹ́ ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ ní ìdí kànga pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń bọ̀ láti oko. Mo ní kó lọ wò ó lórí fóònù ẹ̀.

Ajé, 21 oṣù kẹrin. Mọ́ńdè Àjíǹde

Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Prosper kún. Àwọn tó wálé ọdún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tí wọn kò tíì bọ́ aṣọ, Bàbá Ògúnjìnmí lórí àga níwájú pátápátá. Èmi àti Bándélé ló kù ní aago mẹ́ta. Ẹni tó bá jẹ méjì nínú mẹ́ta ló gbà á. Ó jẹ èkíní. Mo jẹ èkejì, káàdì tó dáa ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò lo Àáró rárá.

Ẹ̀kẹta. Odi mi ku òkúta mẹ́rin. Tiẹ̀ ku mẹ́fà. Jagunjagun mẹ́rin, òṣìṣẹ́ méjì ló wà níwájú ẹ̀. Mo fi Àáró lélẹ̀, mo rán òṣìṣẹ́ márùn-ún.

Ó wo káàdì náà. Ó gba oúnjẹ. Ó wá fi òṣìṣẹ́ ẹ̀ méjèèjì mọ odi, odi ẹ̀ di mẹ́jọ, tábìlì ẹ̀ ṣófo lápá òṣìṣẹ́. Ó kọlù mí. Odi mi ku ẹyọ kan.

Ó kàn mí. Mo ní kó san àáró mi. Ó ní òun kò ní òṣìṣẹ́ lórí tábìlì. Mo ní kó fi jagunjagun dí i. Ohùn mi ò yẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó gbé ìka lé orí káàdì náà, lórí ìkọ̀wé gan-an, mo sì rò pé ó ti parí fún mi. Prosper ní bẹ́ẹ̀ ni, jagunjagun ló máa ń dí i. Dára mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo àwọn tó yí wa ká ń mi orí, títí kan àwọn tí kò mọ Odi yàtọ̀ sí ògiri.

Bàbá Ògúnjìnmí ló wá sọ̀rọ̀. "Ọmọ ta ni ọ́? Ẹni tó jẹ àáró á san án. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló kù nílé, ìwọ ni wàá gbé ọkọ́."

Bándélé gbé ìka kúrò lórí káàdì. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Ó kó jagunjagun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tì wọ́n wá sí oko mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀. Mo fi oúnjẹ wọn bọ́ jagunjagun mi, mo wó odi ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Wọ́n gbé mi sókè! Ìyá mi jó. Bándélé kí mi kú iṣẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ògúnjìnmí.

Ó fi ìka lé ìkọ̀wé, kò sì rí i kà. Ará Èkó, ẹnu dùn ún ròfọ́. Wọ́n ń pariwo pé àwa ò mọ̀wé, ìlà méjì péré, kò lè kà á. Mo ti mọ̀ pé orí òfìfo ni.

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin

Gbogbo ọ́fíìsì ló ń kí mi. Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá mi lẹ́jìká, ó ní mo gbé orúkọ ìlú ga. Ọkùnrin tí kò mọ orúkọ mi lóṣù tó kọjá.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Iṣu náà kò jinná ni.

Ọjọ́rú, 23 oṣù kẹrin

Bándélé pè mí láti Èkó. Ó kí mi, ó kí ìyá mi, ó fi èdè ilé kí wa, ó ti lọ kọ́ ọ níbì kan. Ó bi mí pé ṣé mo ti ń múra Ìbàdàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá rọra sọ pé kí n tètè wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò Àáró, torí n'Ìbàdàn wọ́n máa ka káàdì.

Mo bi í pé kí ló ń sọ.

"Mo ti kà á láti Èkó, àǹtí. Ohun tó jẹ́ kí n fi òṣìṣẹ́ mi mọ odi nìyẹn."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ níbẹ̀.

"Bàbá yẹn bi mí pé ọmọ ta ni mí. Gbogbo yín lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró, èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n wá dìde máa kàwé fún wọn?"

Ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, pé òun mọ̀ pé èmi náà ò kà á, pé ta ló máa ń ka irú ẹ̀. Òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́dún tuntun kí n jọ̀ọ́, kí n mú òun lọ sí oko àáró, kí òun rí i. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gé fóònù.

Ó mọ̀ pé èmi náà ò kà á.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹrin

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ṣubúọlá, ọlọ́gbọ́n ìlú. Ẹni tí ó ń fi gbogbo ènìyàn ṣẹ̀sín. Ojú ń tì mí, ojú náà sì ń tì mí pé ó ń tì mí.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹrin

Mo ní kí Prosper pe gbogbo wọn. Dára wá láti Ìdòfin. Bàbá Ògúnjìnmí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù ẹ̀ ń gba iná.

Mo yọ káàdì kúrò nínú ọ̀rá, mo kà á fún wọn sókè. Lẹ́ẹ̀mejì. Prosper gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á. Dára náà kà á. Bàbá Ògúnjìnmí ní ẹni tó kọ ọ́ kò dé oko rí. Ẹ̀rín pa wọ́n. Prosper di orí mú, adájọ́ tí kò kàwé, ó ní gbogbo wa la jọ jẹ̀bi, àṣìṣe ni, ká kọ̀wé sí Ìbàdàn kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ fi í síbẹ̀. Ì bá tán síbẹ̀. Mo ti ń jókòó.

Dára ló bi mí. Kò fura. Bó ṣe máa ń béèrè gbogbo nǹkan náà ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àǹtí Ṣúbú, ìgbà wo lẹ wá rí i?"

Mo lè sọ pé lánàá. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́.

Mo ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni. Ọjọ́rú, ní ìpàdé ọ́fíìsì.

Dára gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́ láti Ọjọ́rú yẹn. Mo dúró tì í títí tó fi kà á dé Mọ́ńdè Àjíǹde.